Àdúà fún Orúnkún Alátakò

Bàbá mi ò mọ nǹkan kan nípa bọ́ọ̀lù. Ilé wa ò jìnnà sí pápá tí ẹgbẹ́ àdúgbò wa ti máa ń ṣe ìdánrawò nílùú Accra, síbẹ̀ tí àwọn èèyàn bá pariwo góòlù, ohun tó máa bi mí ò ju pé ta ni wọ́n tún ń bá jà. Alfa ni. Ìrun rẹ̀ ló mọ̀, àti àwọn ọmọ kéwú tó ń kọ́ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, àti rédíò tó fi ń gbọ́ ìròyìn Hausa. Èmi ni bọ́ọ̀lù ń pa bí ọtí nínú ilé yẹn.

Mo ń ta òkìrìkà ní ọjà Kantamanto. Tí ẹgbẹ́ wa bá lọ gbá bọ́ọ̀lù lẹ́yìn odi, rédíò kékeré mi á wà láàárín àwọn ṣòkòtò jíǹsì, oníbàárà tó bá sì fẹ́ ná ọjà nígbà tí wọ́n fẹ́ gbá pẹnáritì, kó yáa lọ sí ìsọ̀ ẹlòmíràn. Wọ́n mọ̀ mí níbẹ̀. Àwọn alábàárù pàápàá máa ń kọ́kọ́ wo ojú mi kí wọ́n tó bi mí pé mélòó sí mélòó.

Sáà tí mò ń sọ yìí, ìyà la fi bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ẹni tó bá ti rí wa ló ń nà wá. Alága àwa alátìlẹ́yìn, ọkùnrin kan láti inú ẹ̀yà Ga tó ni ilẹ̀ Accra, tó ń ta ẹ̀yà ara mọ́tò ní Agbogbloshie, wá bá bàbá mi láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú kan. Krìstẹ́nì ni, ṣùgbọ́n ó ti gbọ́ pé àdúà Mallam Anago máa ń gbà. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń pe bàbá mi ládùúgbò, torí Anago ni wọ́n ń pe àwa Yorùbá níbẹ̀. Bàbá mi ní òun ò mọ bọ́ọ̀lù o, ṣùgbọ́n àdúà ò wọ́n lọ́wọ́ òun. Ó tẹ́wọ́, ó ṣàdúà, alága ṣe àmín. Ọjọ́ yẹn gan-an la na ẹgbẹ́ tó wà lókè téńté líìgì.

Ó di àṣà nìyẹn. Gbogbo àárọ̀ tí a bá máa gbá bọ́ọ̀lù nílé, wọ́n á tò sẹ́nu ọ̀nà wa nínú aṣọ ẹgbẹ́, Krìstẹ́nì, Mùsùlùmí, àti ọ̀mùtí kan tí kò dá a lójú èyí tí òun jẹ́. Gbogbo wọn á tẹ́wọ́. Bàbá mi á jáde nínú àgbádá funfun, á ṣàdúà ní Lárúbáwá, á fi Hausa lé e, wọ́n á fi àmín dá a lóhùn títí tí àwọn aládùúgbò tó ń sùn á fi jí. Kò pẹ́ tí òun náà fi bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ràn ẹ̀. Á ti sá àgbádá náà sóòrùn láti ọjọ́ tó ṣáájú. Á ní kí n bi wọ́n bóyá ẹni tó ṣèṣe lọ́sẹ̀ tó kọjá ti gbádùn, kò sì mọ̀ bóyá aṣọ́lé lẹni náà tàbí awakọ̀ wọn.

Èmi ni ẹ̀rù ń bà. Mo mọ ẹgbẹ́ wa. Mo mọ̀ pé agbábọ́ọ̀lù àárín wa ti darúgbó, pé ìjákulẹ̀ ń bọ̀ lọ́jọ́ kan, mo sì mọ àwọn tí a jọ ń jókòó ní pápá. Ẹni tí wọ́n bá torí ìṣẹ́gun gbé gẹ̀gẹ̀, òun náà ni wọ́n máa wá nílé tí wọ́n bá nà wá.

Bàbá mi kéré nígbà tí ìjọba Gánà ìgbà náà lé àwọn àjèjì lọ, tí bàbá tirẹ̀ fi ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀, tó kó ìdílé rẹ̀ sínú ọkọ̀ ẹrù, ó di Ògbómọ̀ṣọ́. Nígbà tó di géńdé, ó padà wá, torí ibí ló mọ̀ sí ilé. Kì í sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀. Ṣùgbọ́n títí dòní, tí ariwo bá sọ lójú títì, ojú fèrèsé ló máa kọ́kọ́ sáré lọ. Orúkọ rere tó ní ládùúgbò yẹn ni gbogbo dúkìá rẹ̀ láyé. Ohun tí mò ń bẹ̀rù ò ju pé kí bọ́ọ̀lù tí kò mọ̀ gba ìyẹn lọ́wọ́ rẹ̀.

Nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀, a tún bẹ̀rẹ̀ sí í ṣubú. A lọ sí Kumasi, wọ́n fi ojú wa gbolẹ̀. Nínú bọ́ọ̀sì tí à ń bá bọ̀, ọkùnrin kan sọ lẹ́yìn ní èdè Twi pé bóyá ẹnu lásán ni Anago yẹn fi ń ṣàdúà, pé Nàìjíríà ni ọkàn rẹ̀ wà. Mo yíjú padà, mo bi í bóyá bàbá mi náà ni aṣọ́lé tó ń di bọ́ọ̀lù mú bí ẹni di ọṣẹ mú. Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Alága ní kí ọkùnrin náà dákẹ́. Ṣùgbọ́n mo rí i pé kì í ṣe gbogbo wọn ló rẹ́rìn-ín, mi ò sì lè sùn títí a fi dé Accra.

Báyìí ni a ṣe dé ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ tó kẹ́yìn. Tí a bá gbá ọ̀mì, a máa wà nínú líìgì ńlá. Tí wọ́n bá nà wá, a já bọ́ nìyẹn. Ẹgbẹ́ tó ń bọ̀ wá bá wa ní atamátàsé kan, ọmọ Yorùbá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Nàìjíríà dé ní sáà yẹn. Ọmọ náà le. Mo ti wò ó lórí fóònù títí, mo mọ bó ṣe ń rìn, mo mọ ẹsẹ̀ tó fẹ́ràn láti fi gbá a.

Ìdí nìyẹn tí mo fi dá a mọ̀ lójú ẹsẹ̀, nígbà tí mo ti ọjà dé lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ tí mo bá a lórí ẹní bàbá mi.

Ó ti dọ̀bálẹ̀, ó ti kí bàbá mi tán, bàbá mi ti béèrè agboolé rẹ̀, wọ́n ti rí i pé ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ kan náà làwọn méjèèjì. Inú bàbá mi ń dùn, ó ti ní kí wọ́n lọ ra wàkyé wá fún un, ìrẹsì ẹlẹ́wà tí àwọn ará Gánà máa ń jẹ. Ọmọ náà ní orúnkún òun ló ń dun òun. Ó ti pẹ́ tó ti ń fi pa mọ́ fún akọ́nimọ̀ọ́gbá rẹ̀, kí wọ́n má bàa ní kó jókòó, torí àwọn kan ń bọ̀ láti òkè òkun wá wò ó lọ́jọ́ Àìkú yẹn. Ìyá rẹ̀ ló ní kó wá Alfa Yorùbá kan ní Accra. Bàbá mi gbé ọwọ́ lé orúnkún náà, ó sì ṣàdúà, ó ṣe é tọkàntọkàn. Mo dúró sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí mi ò lè ṣe àmín, mi ò sì lè wí pé kó má ṣe é.

Lẹ́yìn tí ọmọ náà lọ, mo bi bàbá mi bóyá ó mọ ẹni tó ṣàdúà fún. Ó ní ọmọ ilé wa kan tí orúnkún ń dùn ún. Mo ṣàlàyé fún un. Mo sọ ẹgbẹ́ tí ọmọ náà wà, mo sọ ohun tó lè ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ Àìkú, mo sọ bí àwọn èèyàn ṣe máa gbà á. Ó gbọ́ mi dé òpin, lẹ́yìn náà ló sọ pé, "Ṣé tí ẹnì kan bá wá sọ fún mi pé ara ń ro òun, kí n kọ́kọ́ bi í pé ẹgbẹ́ wo ló ń bá gbá bọ́ọ̀lù ni?"

Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó má sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n kí oòrùn tó wọ̀, ẹnì kan ti fi fọ́tò ọmọ náà sórí Wásáàpù àwa alátìlẹ́yìn, ibi tó ti ń wọ bàtà rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà wa, tí bàbá mi dúró tì í tó ń rẹ́rìn-ín. Mi ò ní tún ohun tí wọ́n kọ sábẹ́ rẹ̀ sọ. Alága pè mí, ó bi mí bóyá òótọ́ ni. Mo ní òótọ́ ni, pé ọmọ ìlú wa ni, àdúà àìsàn ló wá gbà. Kò bú mi. Ó kàn pa fóònù.

Láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú, ẹnikẹ́ni ò wá. Bàbá mi ti wọ àgbádá, ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà. Ọ̀mùtí yẹn pàápàá gba ìsọdá kejì kọjá. Nígbà tó ṣe, bàbá mi bi mí bóyá wọn ò gbá bọ́ọ̀lù mọ́ ni. Mo ní wọ́n ń gbá a, bóyá òjò ló dá wọn dúró. Kò sí òjò kankan. Ó wo ojú ọ̀run, ó sì dá tẹ́wọ́ ṣàdúà fún wọn. Inú bí mi débi pé omi bọ́ lójú mi.

Mo lọ sí pápá. Wọ́n lè máa wò mí bó ṣe wù wọ́n, ẹgbẹ́ mi ni. Mo jókòó síbi tí mo máa ń jókòó, àwọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi sì rọra sún kúrò, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì, títí àyè fi yí mi ká. Àwọn onílù àti onífèrè ẹgbẹ́ wa bẹ̀rẹ̀ orin, ẹnu mi ò ṣí.

Ọmọ náà fẹ́ pa wá lọ́jọ́ yẹn. Kò pẹ́ tí a bẹ̀rẹ̀ tó gbá bọ́ọ̀lù lu òpó. Ó tún fi orí kan òmíràn, aṣọ́lé wa fi ìka yọ ọ́ dànù. Gbogbo ìgbà tó bá gba bọ́ọ̀lù, ojú orúnkún rẹ̀ ni mò ń wò, ó sì ń sáré bí ẹni tí nǹkan kan ò ṣe rí. Mo ń wí nínú ọkàn mi pé àdúà bàbá mi ti gbà, a ti gbé. Ìdajì àkọ́kọ́ parí, òdo sí òdo. Ẹnì kan lẹ́yìn mi sọ sókè, kí n lè gbọ́, pé tí ọmọ yìí bá gbá a wọlé, gbogbo wa la jọ ń lọ sílé Mallam.

Nígbà tí ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ ń lọ sópin, àwọn agbábọ́ọ̀lù ẹ̀yìn wa sùn lọ, ọmọ náà já gba àárín wọn. Ó ku òun àti aṣọ́lé nìkan. Gbogbo pápá pa lọ́lọ́. Ó fi ẹsẹ̀ kan gúnlẹ̀ láti fi èkejì gbá a, orúnkún tó gúnlẹ̀ náà, èyí tí bàbá mi gbé ọwọ́ lé, sì yẹ̀. Ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kàn án. Ó ṣubú, ó di orúnkún mú, ó ké, igbe náà sì dé ọ̀dọ̀ wa lókè.

Ohùn kan ṣoṣo ló kọ́kọ́ pè é: Mallam. Òmíràn gbà á. Kí n tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, gbogbo ìhà wa ti ń kọ ọ́ lórin, Mallam Anago, Mallam Anago, pẹ̀lú ìlù àti fèrè. Wọ́n gbé ọmọ náà jáde lórí àkéte, wọ́n sì gbé e gba iwájú wa kọjá. Ó ń wo òkè, ó ń gbọ́ orin náà. Àwọn tó ti sún kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi padà wá, wọ́n ń dì mọ́ mi, wọ́n ń gbé mi sókè. Òdo sí òdo ló parí sí. A ò já bọ́. Inú mi dùn, ẹ̀rù sì ń bà mí, mi ò lè ya ọ̀kan kúrò lára èkejì.

Kó tó di ìrun Mọ̀gàríbì, wọ́n ti kún ojú títì wa. Bí bàbá mi ṣe gbọ́ ariwo, ojú fèrèsé ló sáré lọ. Alága fúnra rẹ̀ wọlé, ó kúnlẹ̀, ó ní kó foríji àwọn, àwọn ò mọ̀ pé ńṣe ló dọ́gbọ́n pe ọ̀tá wọlé kó lè fọwọ́ kàn án, kó sì ba orúnkún rẹ̀ jẹ́. Mo túmọ̀ rẹ̀ fún bàbá mi bó ṣe sọ ọ́, torí Ga tirẹ̀ ò jinlẹ̀. Ojú rẹ̀ yí padà. Ó jáde sí wọn, ó sì fi Hausa sọ ọ́ ketekete pé àdúà ìwòsàn lòun ṣe fún ọmọ náà, Ọlọ́run ni kò tíì gbà á. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n pàtẹ́wọ́. Alága ní bí àwọn èèyàn ńlá ṣe máa ń sọ̀rọ̀ nìyẹn. Wọn ò fẹ́ràn rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ rí.

Lọ́jọ́ kejì, ó ní kí n mú òun lọ sílé ìwòsàn. A wọ trotro, bọ́ọ̀sì akérò ìlú Accra, dé ibẹ̀. Ọmọ náà dá wà lórí bẹ́ẹ̀dì. Bó ṣe rí bàbá mi, ó fẹ́ dìde láti kí i, bàbá mi sáré dá a dúró, ó jókòó tì í. Ó sọ fún un pé òun gbọ́ nípa orin tí wọ́n kọ ní pápá, irọ́ ni pé òun ló ṣe é ní jàǹbá. Ó ní, "Ìwọ náà gbọ́ àdúà tí mo ṣe fún ọ. Yorùbá ni mo fi parí rẹ̀."

"Mo gbọ́ ọ, Bàbá," ni ọmọ náà wí. "Mi ò mọ̀ pé ẹgbẹ́ àdúgbò yín la fẹ́ bá gbá, ẹ má bínú. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ti sọ fún mi pé ẹ ò ní jẹ́wọ́. Ẹ má jẹ́wọ́, Bàbá. Ẹ ṣáà bá mi tú èèdì náà."

Bàbá mi wo ojú mi, bí ẹni pé èmi tí mo mọ bọ́ọ̀lù ló yẹ kí n mọ èsì rẹ̀. Ó na ọwọ́ sí orúnkún tí wọ́n ti fi báńdéèjì wé, ó rí bí ọmọ náà ṣe fà sẹ́yìn, ó sì rọra dá ọwọ́ náà padà sórí itan ara rẹ̀.