Ọ̀rọ̀ Tí Mo Túmọ̀ Sódì

"Dúró níbẹ̀. Tún un kà."

Mo tún un kà. Ìka mi wà lábẹ́ ìlà náà kí n má baà ṣìnà. Ìwé àtijọ́ ni, ìtàn ọ̀gákọ̀ òyìnbó kan tí ọkọ̀ rẹ̀ fọ́ sí etíkun àwọn aláwọ̀ dúdú, tí ebi fẹ́rẹ̀ẹ́ pa kú. Àwọn ará ibẹ̀ gbé e wọ ilé, wọ́n fún un ní ẹja sísun àti omi tútù. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó mú gègé, ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé òun ti bọ́ sọ́wọ́ àwọn ẹhànnà tí kò lajú.

Ìyá àgbà tí mò ń kàwé fún kò gbójú sókè. Ẹ̀wà tútù tí èèpo rẹ̀ ní àwọ̀ àlùkò ni wọ́n ń bó sínú abọ́ irin tó wà lórí itan wọn. Tó, tó, tó, ló ń ró bọ́ sínú abọ́. Oje èèpo ti pa àtàǹpàkò wọn láró.

"Ta ló fún un lóúnjẹ?"

"Àwọn ẹhànnà náà ni, mà."

"Ṣé ó dúpẹ́?"

Mo wo ojú ewé náà títí. "Kò sí níbí, mà."

"Hùn. Máa kà á lọ."

Ilé wọn ló tẹ̀ lé tiwa ní Missouri City. Ọmọ Amẹ́ríkà ni wọ́n, aláwọ̀ dúdú bíi tiwa, opó. Wọ́n ti fi ọ̀pọ̀ ọdún dáná fún àwọn òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ epo ní Baytown, ìwé ni wọ́n sì ń fi owó tó bá ṣẹ́ kù rà. Ìgbà tí a fi di aládùúgbò, ojú ti ń ṣe wọ́n bàìbàì, wọn ò lè kà á mọ́. Èmi náà, ọmọ ọdún mẹ́wàá tó dé láti Ìbàdàn, Gẹ̀ẹ́sì kò tíì yọ̀ mọ́ mi lẹ́nu. Màmá mi ń ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì, wọn kì í dé títí oòrùn á fi fẹ́ wọ̀. Bí mo bá ti bọ́ sílẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì ilé ìwé, ìloro ìyá àgbà yìí ni mò ń lọ. Èmi a kàwé, àwọn a tún ahọ́n mi ṣe. Òórùn koríko tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gé a máa ta sánsán, ilá tí wọ́n yí nínú ìyẹ̀fun àgbàdo a sì máa dún ṣàà nínú epo gbígbóná. Ilá! Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo rí i lórí iná wọn, mo rẹ́rìn-ín bí ẹni tó rí ẹbí.

Nílé wa, ohun tí a ń pè wọ́n yàtọ̀. Akátá. Ní Ìbàdàn, ẹranko ìgbẹ́ ni akátá. Níbí, àwọn aláwọ̀ dúdú tí a bá nílẹ̀ Amẹ́ríkà ni àwọn èèyàn wa ń fi pè, pàápàá bí wọ́n bá rò pé onítọ̀hún kò gbọ́. Màmá mi, tí kò jẹ́ sọ "ó" nípa ẹni tó fi ọjọ́ kan jù wọ́n lọ, "ó" ni wọ́n ń pe obìnrin tó dàgbà ju ìyá tó bí wọn lọ. "Ó ṣèèyàn o," wọ́n á ní, "ṣùgbọ́n má jẹ́ kó kọ́ ẹ níwà akátá."

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, màmá mi wá mú mi, fóònù wà létí wọn. "Mo ti dé o. Traffic pọ̀ lórí freeway. Jẹ́ kí n gba ọmọ yìí lọ́wọ́ akátá ẹ̀gbẹ́ ilé mi." Bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ ni wọ́n ń rẹ́rìn-ín músẹ́ sí ìyá àgbà, tí wọ́n ń juwọ́.

Lọ́jọ́ kejì, ìyá àgbà dá mi dúró láàárín ìwé kíkà. "Ọ̀rọ̀ kan wà tí ìyá rẹ máa ń sọ bó bá ń wò mí. Akátá. Kí ni ìtumọ̀ rẹ̀?"

Etí mi gbóná. "Aládùúgbò ni, mà."

Wọ́n pe ọ̀rọ̀ náà lẹ́ẹ̀mẹta, wọ́n ń tọ́ ọ wò bí ẹni ń lá súìtì. "Ó dára gan-an. Láti ìgbà tí wọ́n ti bí mi, ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ fún mi lórúkọ ní èdè Áfíríkà."

Láti ọjọ́ náà, bí wọ́n bá ti yọjú rí mi lórí ọgbà, wọ́n á pariwo pé akátá wa ń kí wa. Màmá mi kì í sábà sí nílé, wọn ò gbọ́ ọ títí ọjọ́ ìbí mi fi pé. Ọ̀sán Sátidé ni. Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì wa kún pálọ̀. Ìyá àgbà wọlé pẹ̀lú páì gbígbóná lọ́wọ́, wọ́n dé fìlà tí wọ́n máa ń dé lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì.

"Ẹ fún mi láyè o," wọ́n ní, "akátá yín ló dé!"

Ọkùnrin kan bú sẹ́rìn-ín, ni ẹ̀rín bá gba gbogbo pálọ̀ kan. Ìyá àgbà bá wọn rẹ́rìn-ín, wọ́n rò pé bí wọ́n ṣe mọ ọ̀rọ̀ náà pè ló dùn mọ́ wa. Màmá mi kò rẹ́rìn-ín. Èmi rẹ́rìn-ín. Mo rẹ́rìn-ín kíkankíkan, kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé ti ìyá àgbà ni mo ń ṣe.

Nínú kíṣìnì, màmá mi dì mí léjìká mú. "Ta ló kọ́ obìnrin yẹn ní ọ̀rọ̀ yẹn?"

"Ẹnu yín ló ti gbọ́ ọ, mà. Ó bi mí ní ìtumọ̀ rẹ̀, mo ní aládùúgbò ni."

Wọ́n fi èjìká mi sílẹ̀. "Má sọ nǹkan kan fún un," wọ́n ní. "Á gbàgbé."

Oṣù kan ò tíì kọjá tí ìyá àgbà ní kí n padà sí ojú ewé tí ọ̀gákọ̀ ti mú gègé. Mo kà á.

"Àwọn tó fún un lẹ́ja, ṣé o rò pé wọ́n mọ ohun tó ń kọ?"

"Mi ò mọ̀, mà."

"Wọn ò mọ̀. Ọpẹ́ ni wọ́n rò pé ó ń kọ." Wọ́n gbé abọ́ ẹ̀wà sílẹ̀. "Mo lọ sí ilé ìwòsàn ojú lánàá. Ọmọ Nàìjíríà ni nọ́ọ̀sì tó dá mi lóhùn. Mo fẹ́ mú inú rẹ̀ dùn, mo sọ fún un pé akátá yín ni mí. Ọmọ yẹn di ọwọ́ mi mú, ó ní, 'Mà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pe ara yín bẹ́ẹ̀ mọ́.'"

Iwájú bàtà mi ni mò ń wò. Ẹkún kò wá.

"Ṣé èmi lo fẹ́ dáàbò bò ni, àbí ìyá rẹ?"

Títí di òní, mi ò mọ èwo ni. Wọ́n dìde, wọ́n bu ilá díndín síwájú mi. "Jẹun," wọ́n ní. "Ìwé ò tíì parí. Ká ríra lọ́la."

Mo jẹ ẹ́ tán. Nígbà tí ọ̀la dé, mi ò lọ. Mo sọ fún màmá mi pé mo ti tó ẹni tí ń dá ṣílẹ̀kùn ilé. Wọn ò bi mí nídìí, wọ́n fún mi ní kọ́kọ́rọ́. Láti ìgbà náà, ẹ̀yìnkùlé ni mò ń gbà wọlé.

Mo wà ní yunifásítì nígbà tí ìyá àgbà kú. Ní ìsìnkú, pásítọ̀ ní kí gbogbo ẹni tí màmá yìí bá tọ́ dàgbà dìde. Èèyàn ń dìde káàkiri ṣọ́ọ̀ṣì, àgbà, ọ̀dọ́, aláwọ̀ dúdú, Mẹ́síkò, òyìnbó.

Màmá mi fi ìgúnpá gún mi. "Dìde. Ìwọ ni wọ́n ń pè."

"Mi ò lè dìde, mà."

Màmá mi dìde. Wọ́n bọ́ sí àárín ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n ká ìró wọn, wọ́n sì fi orúnkún méjèèjì kúnlẹ̀ kọjú sí pósí náà. Mo jókòó síbẹ̀, mò ń wo àtẹ́lẹsẹ̀ wọn.

Mo ti ka ọ̀pọ̀ irú ìwé ọ̀gákọ̀ yẹn láti ìgbà náà. Kò ṣòro láti bínú sí ọ̀gákọ̀. Gbogbo wa la máa ń bínú sí i ní kíláàsì. Ohun tí mi ò sọ fún ẹnì kankan rí ni pé, lórí ìloro yẹn, èmi nìkan ni mo gbọ́ èdè méjèèjì. Ó ṣeé ṣe kí ọ̀gákọ̀ gbà pé òótọ́ lòun kọ. Èmi mọ̀ pé irọ́ ni mo pa.

Mo ti ní ọmọ báyìí. Bó bá bi mí ní ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ kan tó gbọ́ lẹ́nu àwọn èèyàn wa, tí ọ̀rọ̀ náà bá burú, mo máa ń sọ fún un pé ó burú, àti ẹni tí a ń fi bú.