Nígbà Tí Mátírọ́nì Bi Wá Pé Kí La Rí

Ohun tí mo kọ́kọ́ máa ń rántí nípa iṣẹ́ yẹn ni bó ṣe máa ń rẹ̀ mí. Kì í ṣe àárẹ̀ ẹni tó roko. Ẹni tó roko á wẹ̀yìn, á rí ebè tó kọ. Àárẹ̀ tiwa ni ti ẹni tó lọ tó bọ̀, tí kò sì rí nǹkan kan nàka sí pé ohun tí òun ṣe nìyí.

Ilé ìwòsàn kékeré kan lẹ́yìn Lalupon ni mo wà nígbà náà, láyé àwọn ológun. Ẹ̀ka abẹ́rẹ́ àjẹsára ni wọ́n fi mí sí, àwa tí à ń gbé abẹ́rẹ́ tọ àwọn ọmọdé lọ ní abúlé. Àwa mẹ́rin la wà níbẹ̀: Mátírọ́nì tó jẹ́ ọ̀gá wa, nọ́ọ̀sì ọkùnrin kan tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ jù mí lọ, bàbá tó ń wa mọ́tò, àti èmi. Ọsibítù àwọn òyìnbó oníwàásù ni Mátírọ́nì ti kọ́ iṣẹ́. Ọmọ ìjọ Aládùúrà ni wọ́n, wọn kì í pẹ́ dé ibi iṣẹ́, wọn kì í parọ́, aṣọ wọn kì í ní àbàwọ́n. Wọn kì í sì í béèrè nǹkan lọ́wọ́ ẹni tó kéré sí wọn. Bí wọ́n ṣe kọ́ wọn nìyẹn: ọ̀gá a máa sọ, ọmọ iṣẹ́ a máa ṣe.

Ọ́fíìsì Ìbàdàn ló ń fi ètò abúlé tí a ó lọ ránṣẹ́ sí wa. Ohun tí ètò náà sọ ni pé agogo mẹ́sàn-án àárọ̀ ni ká máa bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní abúlé èyíkéyìí. Bí a bá sì dé ní agogo mẹ́sàn-án, ewúrẹ́ àti àwọn arúgbó la máa bá. Àwọn ìyá ọmọ ti gba oko lọ. A ó jókòó sábẹ́ igi máńgòrò, a ó gbé kúlà tí abẹ́rẹ́ wà nínú rẹ̀ síbi tí òòrùn ò dé, a ó máa wò ó bí yìnyín ṣe ń yọ́. Nígbà mìíràn ìyá kan ṣoṣo á gbé ọmọ wá. Nọ́ọ̀sì ọkùnrin yẹn á ní kó dúró de àwọn yòókù, nítorí ọmọ púpọ̀ ni ìgò abẹ́rẹ́ èéyi kan wà fún, bí a bá sì ti ṣí i, a ò lè tọ́jú rẹ̀ di ọjọ́ kejì. Obìnrin náà á dúró títí, á sì bá tirẹ̀ lọ.

Bí a bá ń bọ̀ nílé, Mátírọ́nì á ní àwọn obìnrin oko ò mọ ohun tó dára fún ọmọ. A ó ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, mà." Mo fẹ́ fèsì lọ́jọ́ kan, àmọ́ nọ́ọ̀sì ọkùnrin náà fi ìgúnpá tì mí. Nígbà tí a sọ̀ kalẹ̀, ó ní òun náà ti sọ̀rọ̀ rí lábẹ́ ọ̀gá mìíràn, ohun tí wọ́n sọ fún òun ni pé òun gbọ́n jù. Láti ìgbà náà, kúlà lòun ń gbé, òun kì í gbé ọ̀rọ̀.

Nígbà ọ̀gbẹlẹ̀ ọdún kan, èéyi jà ní abúlé kan tó wà lára àwọn tí à ń lọ. Lọ́tẹ̀ yìí, a bá àwọn ìyá nílé, nítorí pé ọmọ wọn ń ṣàìsàn. Ọmọ kan ti kú. Mátírọ́nì mọ ìyá àgbà ọmọ náà dáadáa, ọwọ́ wọn ni wọ́n fi gbẹ̀bí ìyá tó bí ọmọ ọ̀hún. Wọ́n kúnlẹ̀ kí ìyá àgbà náà, wọ́n ní kí Ọlọ́run má fi irú rẹ̀ hàn wọ́n mọ́. Ìyá náà ṣe àmín. Lẹ́yìn náà ló wá sọ̀rọ̀, kò gbé ohùn sókè rárá.

"Mátírọ́nì, a ò kórìíra abẹ́rẹ́ yín. Ẹ máa ń dé nígbà tí a ti lọ sóko, ẹ sì ti máa ń lọ kí a tó dé. Gbogbo ìgbà tí ẹ fi ń wá yẹn, ẹ̀yìn ìyá rẹ̀ lọ́mọ yẹn wà lóko."

Mátírọ́nì padà sínú mọ́tò pẹ̀lú wa. Wọ́n ṣí fìlà nọ́ọ̀sì wọn kúrò lórí, wọ́n gbé e lé itan. Ibẹ̀ ló wà títí a fi délé.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, Mátírọ́nì jáde láti inú ọ́fíìsì wọn, wọ́n jókòó lórí bẹ́ǹṣì tí àwọn aláìsàn ń jókòó lé ní ìta. Wọ́n ní kí àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wá jókòó. Bàbá awakọ̀ dúró sí ẹ̀gbẹ́ kan, nítorí kò bá wọn jókòó ṣèpàdé rí.

Mátírọ́nì ní, "Ẹ jókòó, bàbá. Kí lẹ máa ń rí ní abúlé tí ẹ kì í sọ fún mi?"

Mo gbọ́ tí ẹnì kan ń gúnyán ní ilé kejì. Nígbà tó yá ni mo sọ pé agogo mẹ́sàn-án yẹn ni kò dára, pé ó ti pẹ́ tí a ti mọ̀.

Wọ́n ní, "Àná lèmi mọ̀. Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi?"

Nọ́ọ̀sì ọkùnrin náà ń wo bàtà rẹ̀. Ó ní, "Mà, ẹ ò bi wá rí."

Mo rò pé ilé á dàrú. Mátírọ́nì kàn mi orí, bí ẹni tí wọ́n gbé ẹrù lé lórí tó ń wá bó ṣe máa dúró dáadáa. Wọ́n ní àwọn ò ní yí gbogbo ètò padà lẹ́ẹ̀kan náà, nítorí pé àwọn náà ò mọ èyí tó máa dára. Abúlé kan la ó fi dán an wò. Bó bá bọ́ sí i, a ó mú un lọ sí òmíràn. Bí kò bá bọ́ sí i, a ó padà wá jókòó.

Èmi ni mo dábàá pé ká lọ bá àwọn obìnrin ní ẹbu gàrí, nítorí ibẹ̀ ni wọ́n máa ń pọ̀ sí. A lọ. Èéfín bò wá lójú. Ẹni tó ń bó ẹ̀gẹ́, ọwọ́ rẹ̀ kún fún ẹrẹ̀. Ẹni tó ń yan gàrí ò lè kúrò nídìí agbada. Obìnrin kan sọ fún mi pé bí mo bá gún ọmọ òun lábẹ́rẹ́, yóò sunkún títí, òun á máa rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún, gàrí òun á sì jóná. A gbé kúlà wa, a bọ̀ nílé. Ojú tì mí dé ibi pé n kò fẹ́ dé ibi iṣẹ́ lọ́jọ́ kejì.

Lórí bẹ́ǹṣì, mo ń retí kí wọ́n bá mi wí. Ohun tí Mátírọ́nì sọ ni pé, "A ti mọ ọ̀kan tí kì í ṣe ọ̀nà. Èwo ló kù?"

Èyí tó kù ni ìrọ̀lẹ́. A lọ nígbà tí wọ́n ti ti oko dé. A bá àwọn ìyá tó ti wẹ ọmọ wọn, tí wọ́n ń fi oúnjẹ sórí iná, a ṣí ìgò, ìgò náà sì tán. A ṣí òmíràn. Bí a ṣe mú un lọ sí abúlé kejì nìyẹn, àti ẹ̀kẹta, à ń tún un ṣe bí a ṣe ń lọ.

Àmọ́ n kò ní purọ́ pé inú wa ń dùn ní gbogbo ìgbà. Ètò àtijọ́ kò dára, ṣùgbọ́n ó ní ìsinmi tirẹ̀: ẹni tó ń tẹ̀ lé e kò ní ronú. Tuntun yìí, àràárọ̀ la máa jókòó, àràárọ̀ la máa sọ ohun tí kò lọ déédéé lánàá. Àwọn ọmọ mi ń sùn kí n tó délé. Ọkọ mi ní ṣé èmi nìkan ló ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn ni. Ọjọ́ mìíràn wà tí mo máa ń wo bẹ́ǹṣì yẹn bíi pé kí n fi ṣe igi ìdáná.

Lórí rẹ̀ náà ni bàbá awakọ̀ ti sọ̀rọ̀ ní àárọ̀ ọjọ́ kan. Ó ní ojú òun kì í ríran dáadáa mọ́ bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú. Ó ní ó ti ń ṣe òun tipẹ́, ẹ̀rù ló ń ba òun kí wọ́n má baà lé òun níṣẹ́. Ẹ̀yìn rẹ̀ sì la ti ń jókòó lálaalẹ́ gba etí odò kọjá. Mátírọ́nì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, bí a bá lọ nírọ̀lẹ́, a kì í padà mọ́. Yàrá ilé ìwé abúlé la máa ń sùn, orí ẹní, Mátírọ́nì pẹ̀lú wa. Bó bá di àárọ̀, ìbàdí wọn ò ní jẹ́ kí wọ́n dìde. Èmi á di ọwọ́ ọ̀tún mú, nọ́ọ̀sì ọkùnrin á di ti òsì.

Nígbà tó yá, ọ̀gá kan wá láti Ìbàdàn ní agogo mẹ́sàn-án àárọ̀, kò bá ẹnì kankan ní abúlé tí ètò ní ká wà. Ó bínú. Mátírọ́nì ò jà, wọ́n ní kó ṣáà bá wa lọ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Ó tẹ̀ lé wa. Ó jókòó, ó jẹ àgbàdo sísun, ó rí àwọn obìnrin tó tò lọ títí dé ẹ̀yìn ilé. Nígbà tó ń lọ, ó ní ó dára, ṣùgbọ́n ètò ni ètò. A ò tún gbọ́ nǹkan kan mọ́. Wọn ò ní ká má ṣe é, wọn ò sì kí wa. Agogo mẹ́sàn-án náà ló tún wà nínú ètò tí wọ́n fi ránṣẹ́ tẹ̀ lé e.

Mátírọ́nì fẹ̀yìn tì. Ọkùnrin tó gba ipò wọn dá wa padà sí agogo mẹ́sàn-án. Mo sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ó bi mí pé ṣé èmi ni ọ̀gá ni. Mo gbé kúlà.

Lẹ́yìn ọdún mélòó kan, wọ́n gbé mi lọ sí ìhà Akínyẹlé, wọ́n sì fi mí ṣe olórí ẹ̀ka kan tí kò jìnnà sí Ṣáṣá. Epo mọ́tò ti di ohun àwátì nígbà náà, ara mi náà ti ń gbó. Síbẹ̀, ní Mọ́ńdè àkọ́kọ́, mo pe àwọn tí mo bá níbẹ̀ jókòó, mo bi wọ́n pé kí ni wọ́n ń rí. Wọ́n ń wò mí. Mo rántí bẹ́ǹṣì wa. Mo ń bi wọ́n bẹ́ẹ̀ ní Mọ́ńdè kọ̀ọ̀kan, wọ́n á sọ díẹ̀, a ó dìde.

Lọ́jọ́ kan, ọmọbìnrin kan tí kò tíì pẹ́ tó jáde nílé ìwé sọ̀rọ̀. Ó kúnlẹ̀ kó tó sọ ọ́. Ó ní, "Ẹ má bínú, mà. Ìjókòó Mọ́ńdè yìí ò ṣiṣẹ́. Kó tó di Mọ́ńdè, a ti gbàgbé ohun tí a rí. Ẹ jẹ́ ká máa ṣe é lọ́sàn-án, nígbà tí a bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé."

Ó dùn mí ju bó ṣe yẹ lọ. Ohun kan ṣoṣo tí mo kó wá láti Lalupon nìyẹn, mo sì fẹ́ kó wà bí mo ṣe gbà á. Mo ní kó dìde. Mo ní ó dáa, ká dán an wò.

Bí a ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Bí wọ́n bá ti abúlé dé lọ́sàn-án, wọ́n á bọ́ bàtà, wọ́n á mu omi, a ó jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ níbi tí atẹ́gùn wà. Wọ́n ń sọ̀rọ̀ ju ti Mọ́ńdè lọ. Òógùn ṣì wà lára wọn, ọ̀rọ̀ náà ṣì gbóná lẹ́nu wọn. Ẹlòmíràn á sùn lọ lórí ìjókòó, ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ á jí i pé ó kàn án. Á nu ojú, á sì sọ tirẹ̀.