Ẹní Tó Ń Tẹ̀lé Oòrùn

Nígbà tí mo ṣì wà ní ọmọdébìnrin ní àdúgbò Dowa, níbí ní Àjàṣẹ́, ẹní ìyá àgbà tó bí bàbá mi kì í dúró lójú kan. Fìlà ni wọ́n ń fi abẹ́rẹ́ ṣe ọnà sí. Láàárọ̀, wọn á tẹ́ ẹní sẹ́nu ọ̀nà. Bí oòrùn bá yí, wọn á wọ́ ọ lọ sẹ́yìnkùlé. Bí wọ́n bá fẹ́ ki òwú bọ ojú abẹ́rẹ́, wọn á na abẹ́rẹ́ sí ojú ọ̀run kí ihò rẹ̀ lè hàn.

Nígbà tó yá, ẹ̀yin ọmọ mi, nǹkan funfun kan bẹ̀rẹ̀ sí í bo ẹyinjú wọn. Gbogbo ilé sọ pé ọjọ́ ogbó ni. Wọ́n ń wọ́ ẹní náà síta sí i, títí ẹsẹ̀ wọn fi fẹ́rẹ̀ẹ́ wà lójú títì.

Awakọ̀ kan tó ń ná Kútọnu wá gba fìlà rẹ̀. Òwú aláwọ̀ ewé ló ní kí wọ́n lò. Ìyá àgbà sì ti fi dúdú parí apá kan láìmọ̀. Ó dé e, ó ní, “Ìyá, ẹ kú iṣẹ́. Apá ọ̀tún ń lọ ìgbéyàwó, apá òsì ń lọ ìsìnkú. Kò síbi tí n kò lè dé e lọ.” Ìyá àgbà rẹ́rìn-ín. Ó san owó rẹ̀, ó dé e lọ. Lọ́jọ́ náà ni wọ́n ká ẹní, wọ́n fi ti ògiri. N kò rí abẹ́rẹ́ lọ́wọ́ wọn mọ́ títí wọ́n fi kú.

Àìsàn kan náà ló mú èmi. Nílé ìwòsàn, wọ́n ti yọ nǹkan funfun náà kúrò nínú ẹyinjú mi, wọ́n fi dígí kékeré rọ́pò rẹ̀, àmọ́ awọ tó wà lẹ́yìn dígí náà tún ṣú. Ìmọ́lẹ̀ tí wọ́n ń pè ní lésà ni wọ́n fi ń là á, ó sì ti tàn kọjá kí èèyàn tó ṣẹ́jú. Mo ti kà nípa rẹ̀ dáadáa. Àwọn onímọ̀ físíìkì tilẹ̀ ti ṣe èyí tí àkókò rẹ̀ kúrú jù ú lọ fíìfíì, tí wọ́n fi ń wo bí ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù ṣe ń rìn nínú átọ̀mù. Mo ń ṣàlàyé èyí fún dókítà tó fẹ́ fi lésà là á fún mi, àgbọ̀n mi lórí ẹ̀rọ.

“Màmá,” ó ní, “ẹ dákẹ́ ná, kí orí yín má mì.”

Kí n tó tún la ẹnu, ó ti parí.

Láyé ìyá àgbà, èèyàn ló ń wọ́ ẹní tẹ̀lé ìmọ́lẹ̀. Láyé tiyín, ìmọ́lẹ̀ ń wọlé wá bá èèyàn nínú ẹyinjú. Ó dùn mí pé kò tètè dé.

Ní ọjọ́ kejì mo jókòó sẹ́nu ọ̀nà, mo na abẹ́rẹ́ sí ojú ọ̀run. Òwú wọlé lẹ́ẹ̀kan. Ẹ̀yin ọmọ bi mí pé kí ni mo fẹ́ rán. N kò ní nǹkan kan tí mo fẹ́ rán. Òwú aláwọ̀ ewé ni mo mú.