Ìsinmi Tí Mi Ò Tọrọ

Ìsinmi ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni èmi àti ọ̀gá mi jọ fẹnu kò sí kí n tó bímọ. Kò fipá mú mi o. Èmi fúnra mi ni mo fi ìka ka oṣù, tí mo rí i pé tí mo bá bí ní ìparí oṣù kẹjọ, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà á gbé mi dé ìgbà tí kókó bá ń ya wọ ìlú wa Odode ní Ìdànrè gan-an. Mo ní, 'Ọ̀gá, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà péré.' Ó ní, 'Ó ti tán.' A rẹ́rìn-ín sí i, mo gbé ikùn mi lọlé.

Iṣẹ́ mi ni láti dúró ti ìwọ̀n nínú sítọ́ọ̀ tí wọ́n ti ń ra kókó. Tí àgbẹ̀ bá gbé àpò dé, èmi ni mo máa ń ti ọwọ́ bọ inú rẹ̀ títí dé ìgúnpá, màá bu ti ìsàlẹ̀ jáde, màá fún un mọ́ àtẹ́lẹwọ́, màá gbọ́ bó ṣe ń dún. Èyí tí kò bá gbẹ, màá sọ fún ẹni tó ni ín pé kó kó o padà lọ sá sórí àpáta. Ọdún mẹ́fà ni mo fi mọ̀ ọ́n. Àwọn bàbá tó ń bọ̀ láti Atosin, àwọn tó ń ti ọ̀nà Ofosu wá, tí wọ́n bá wọlé tí wọn ò rí mi, wọn á ní, 'Obìnrin yẹn dà? Ẹ pè é kó wá fọwọ́ kàn án.' Iyì mi nìyẹn. Mi ò ní oko, mi ò ní sítọ́ọ̀, ọwọ́ yẹn ni mo ní.

Ẹni tó bá sì fi ìwọ̀n sílẹ̀ ní àsìkò kókó, ó fi í sílẹ̀ nìyẹn. Tó bá fi máa di ọdún tuntun, kókó á ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán lórí igi, sítọ́ọ̀ á dá páropáro, ọ̀gá á wá máa wò ó pé ta ni kí òun ní kó máa lọ. Tí ẹlòmíràn bá ti fi gbogbo àsìkò náà dúró síbẹ̀, tí àwọn àgbẹ̀ ti mọ̀ ọ́n, èmi ni wọ́n máa ní kó máa lọ. Èyí dá mi lójú gbangba.

Mo bí ọmọbìnrin. Ní ọjọ́ kẹta, ìyá ọkọ mi dé láti Atosin pẹ̀lú ẹrù rẹ̀ àti ìgò omi àdúrà méjì, nítorí Aládùúrà ni wọ́n. Mi ò ní parọ́ mọ́ ọn, obìnrin náà tọ́jú mi. Ó ń fi omi gbígbóná tẹ ikùn mi láràárọ̀, ó ń po ẹ̀kọ fún mi kí ọmú lè ya, ọmọ kò tíì sunkún tán tó ti gbé e. Nínú ìjọ wọn, ìyá ọmọ kì í wọ ilé àdúrà títí ogójì ọjọ́ á fi pé. Ìyẹn gan-an dùn mọ́ mi nínú, nítorí ogójì ọjọ́ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Mo rò pé ohun tí ìjọ fẹ́ àti ohun tí sítọ́ọ̀ fẹ́ ti bára mu.

Lọ́jọ́ kan, ó ń tẹ ikùn mi lọ́wọ́, mo sọ fún un pé kò ní pẹ́ tí màá padà síbi iṣẹ́, tí ogójì ọjọ́ bá ti pé.

'Ogójì ọjọ́ wo?' ó ní. 'Ti ilé Ọlọ́run nìyẹn. Ti ara ńkọ́? Egungun ìbàdí rẹ kò tíì padà sáàyè ẹ̀, o ń sọ̀rọ̀ iṣẹ́. Fi sílẹ̀, màá bá ọ wá nǹkan ṣe sí i.'

Mo rẹ́rìn-ín, mo ní, 'Ẹ ṣé, mà.' Àṣìṣe mi nìyẹn. Ibi tó yẹ kí n ti jà ni mo ti ń dúpẹ́.

Ní ọ̀sẹ̀ karùn-ún, mo pe ọ̀gá lórí fóònù. Mo kí i, mo ní kí n rán an létí pé ó ku ọ̀sẹ̀ kan, mo ń bọ̀.

Ó bú sẹ́rìn-ín. 'Ìyá ìkókó! Ò ń bọ̀ wá síbo? Jókòó sílé kí o máa jẹun. Ó di ẹ̀yìn ọdún tuntun. Ṣebí a ti parí ẹ̀.'

'Èmi pẹ̀lú ta la parí ẹ̀, sà?'

'Ìyá ọkọ rẹ ti wá. Ó kúnlẹ̀ nínú sítọ́ọ̀ yìí lójú gbogbo èèyàn. Ìyá tó tó bí mi lọ́mọ! Ó ní kí n dákun, kí n yọ̀ǹda rẹ fún òun títí ọdún á fi yí. Kí ni kí n wí? Mo ní mo ti gbọ́. Mo ti gba ọmọbìnrin kan sídìí ìwọ̀n, má fòyà.'

Kí n má fòyà! Ó ní kí n bá òun kí ọmọ, ó pa fóònù.

Ẹ̀yin èèyàn, mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, ọmọ wà lẹ́nu ọmú. Àwọn kan á ní kí ló dé tí mi ò kàn lọ sọ fún ọ̀gá pé èmi kọ́ ni mo rán an. Ẹ jọ̀ọ́, báwo? Àgbàlagbà ti kúnlẹ̀ torí mi. Tí mo bá lọ sọ pé mi ò rán an, mo ti sọ ọ́ di òpùrọ́ nìyẹn, mo ti fi eékún rẹ̀ wọ́lẹ̀ lásán. Ọ̀gá náà ti ní òun ti gbọ́, kò lè torí ẹnu ọmọdé bíi tèmi yí i padà. Àgbà ti bẹ̀bẹ̀, ọ̀gá ti gbà, ọ̀rọ̀ ti di ti àwọn méjèèjì. Èmi tí wọ́n ń torí mi bẹ̀bẹ̀, kò sẹ́ni tó rí tèmi rò mọ́.

Mo jáde lọ bá a lẹ́yìnkùlé níbi tó ti ń fọ aṣọ ọmọ.

'Mà, ṣé ẹ lọ bá ọ̀gá mi ni?'

'Mo lọ o!' Ojú rẹ̀ ń dán. 'Mi ò tíì fẹ́ sọ fún ọ ni. Ọkùnrin náà gbọ́ ẹ̀bẹ̀. Ó mọ iyì àgbà.'

Ó ń wò mí, ó ń retí kí n kúnlẹ̀ dúpẹ́. Ọ̀rọ̀ kún mi lẹ́nu, ṣùgbọ́n kí ni mo sọ? Mo tún ní, 'Ẹ ṣé, mà.' Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gé ahọ́n ara mi jẹ.

Orí ọkọ mi ni mo sọ gbogbo ẹ̀ lé nígbà tó ti ibi tó ti ń ṣe tíṣà dé. Ẹ wá gbọ́ o: ó ti mọ̀! Ìyá ẹ̀ sọ fún un kó tó lọ.

'Mo rò pé inú ẹ á dùn ni,' ó ní. 'Ìyàwó àwọn ẹlòmíràn ń wá ìsinmi kiri, wọn ò rí.'

'Ìyàwó ẹlòmíràn yẹn ni kí o lọ fún. Ṣé o bi mí? Àbí ẹnu mi há ni?'

'O tún ti bẹ̀rẹ̀.'

Ẹ ò rí i? Èmi ni mo tún bẹ̀rẹ̀. Fún ọjọ́ mẹ́ta, yàtọ̀ sí 'oúnjẹ wà lórí tábìlì', mi ò bá a sọ nǹkan kan.

Kẹ́nikẹ́ni má ṣì mí gbọ́. Mo fẹ́ràn ọmọ mi débi pé tó bá ń sùn, mo máa ń gbé etí sí imú rẹ̀ bóyá ó ṣì ń mí. Ṣùgbọ́n láàárọ̀, tí ọkọ̀ tó kó kókó bá ń kọjá níwájú ilé, tí òórùn ẹ̀ bá wọlé tọ̀ mí wá, orí mi á gbóná. Èmi rèé nínú yàrá, wàrà ń ro sí mi láṣọ, ẹnìkan tí mi ò mọ̀ rí ń ti ọwọ́ bọ àpò mi. Àwọn tó ń wá kí mi á tún máa ní, 'O ṣe oríire o, irú ìyá ọkọ yìí ṣọ̀wọ́n.' Màá ní ẹ ṣé. Ẹ ṣé, ẹ ṣé, ẹ ṣé! Ó sú mi.

Ọjọ́ tí ogójì pé, a gbé ọmọ lọ sílé àdúrà. Mo rò pé wọ́n kàn máa gbàdúrà fún wa ni. Ìyá ọkọ mi bọ́ síwájú láti jẹ́rìí. Ó ní Ọlọ́run fún òun ní ojú rere níwájú ọ̀gá ìyàwó òun, pé òun bẹ̀bẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, wọ́n sì fún ìyàwó òun ní ìsinmi títí di ọdún tuntun. Gbogbo ìjọ pariwo Halleluyah. Wọ́n yí ojú sí mi. Èmi náà gbé ọwọ́ sókè, mo ní Halleluyah. Kí ni mo tún lè ṣe?

Ọjọ́ kẹta lẹ́yìn ìyẹn, mo pọn ọmọ, mo ní mò ń lọ ra ọṣẹ, mo kọrí sí sítọ́ọ̀. Ọmọbìnrin náà wà nídìí ìwọ̀n mi lóòótọ́. Ọmọ jẹ́jẹ́ ni, ó kúnlẹ̀ kí mi. Bàbá kan gbé àpò dé, ọmọbìnrin náà bu díẹ̀ lókè, ó wò ó, ó ní ó dáa. Mi ò lè mú un mọ́ra. Mo ti ọwọ́ tèmi bọ̀ ọ́ dé ìsàlẹ̀, mo bu ti abẹ́ jáde. Ó tutù, ó ti ń bu. Bàbá náà gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

'Ṣé ẹ rí i, sà?' mo sọ fún ọ̀gá tó dúró nítòsí.

Ó fà mí sẹ́yìn díẹ̀. 'Mo rí i. Ṣé o rò pé mi ò fẹ́ ọ níbí ni? Ṣùgbọ́n àgbà ti bẹ̀ mí. Tí mo bá gbà ọ́ lónìí, tí nǹkan kan bá ṣe ìwọ tàbí ọmọ yìí, wọ́n á ní èmi ni mo fa ọlọ́mọ kúrò nílé. Jẹ́ kí ìyá fúnra wọn wá sọ pé àwọn kó ọ̀rọ̀ àwọn kúrò. Ó tán.'

Bí mo ṣe délé, mi ò ní ẹ ṣé mọ́. Mo sọ ibi tí mo lọ. Mo sọ ohun tí ọ̀gá wí. Mo ní, 'Mà, ẹ ò bi mí. Ẹ ò bi mí rárá!' Ohùn mi ga débi pé ọmọ ta jí. Mi ò gbóhùn sókè sí ìyá ọkọ mi rí.

Kò bú mi. Nígbà tó máa sọ̀rọ̀, èdè Ìdànrè àtijọ́ ló fi sọ ọ́, wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, mo ní láti fara mọ́ ọn kí n tó gbọ́. Ó ní nígbà tí òun bí ọkọ mi, ọjọ́ kẹsàn-án ni wọ́n gbé agbọ̀n kókó lé òun lórí. Ẹ̀jẹ̀ ń dà lára òun lójú ọ̀nà oko. Ìyá ọkọ òun wà níbẹ̀, ìyá tó bí òun náà wà níbẹ̀, kò sí ẹnì kan tó la ẹnu pé ẹ jẹ́ kó sinmi.

'Mo wí lọ́jọ́ náà,' ó ní, 'pé bí mo bá ní ìyàwó ọmọ, èmi á bẹ̀bẹ̀ fún un.'

Àánú rẹ̀ ṣe mí, inú ṣì ń bí mi. Mo ní, 'Ohun tí ẹ̀yin fẹ́ nígbà náà lẹ bá mi tọrọ, mà. Kì í ṣe ohun tí èmi fẹ́.'

'Kí wá ni o fẹ́?'

Láti ìgbà tí mo ti bímọ, kò sẹ́ni tó bi mí bẹ́ẹ̀ rí. Mo ní mo fẹ́ iṣẹ́ mi. Mo ní kó máa bá mi gbé ọmọ wá mu ọmú lọ́sàn-án, sítọ́ọ̀ ò jìnnà. Ó gbọ́ mi tán. Ó wọ yàrá lọ.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, mo rí i tó ti wẹ̀, tó ti wé gèlè. 'Gbé ọmọ,' ó ní. 'Jẹ́ ká lọ.'

Sítọ́ọ̀ kún fọ́fọ́. Ọ̀gá sáré gbé àga wá, ìyá ọkọ mi kò jókòó. Ó di àpò kókó kan mú, ó fi eékún kan lélẹ̀, ó mí kanlẹ̀, ó fi èkejì lélẹ̀. 'Ẹ dákun, ẹ gba ọmọ mi padà sídìí iṣẹ́ ẹ̀,' ó ní. 'Èmi ni mo ṣìṣe. Mi ò bi í.' Ọ̀rọ̀ tí mo ti ń wá nìyẹn, ojú sì gbà mí tì débi pé ilẹ̀ ni mò ń wò.

'Ẹ dìde, ìyá, mo ti gbọ́!' ni ọ̀gá ń wí. 'Kó máa bọ̀ lọ́jọ́ Ajé.'

Ṣùgbọ́n kò lè dìde. Eékún ti kọ̀ fún un. Ọmọ wà lọ́wọ́ mi, ó ń mu ọmú, mi ò rí ọwọ́ fi fà á. Ọmọbìnrin ìdí ìwọ̀n ló sáré wá, ó gbé e nísàlẹ̀ apá, ó gbọn eruku kúrò lára aṣọ rẹ̀, ó mú un lọ jókòó sórí àga. Lẹ́yìn náà ló padà sẹ́yìn tábìlì, ó mú báàgì rẹ̀ tó fi kọ́ sára ògiri láti máa lọ. Mo dúró sáàárín sítọ́ọ̀, mi ò mọ ẹni tí mo fẹ́ kọ́kọ́ bẹ̀ nínú àwọn méjèèjì.