Wọ́n Bèèrè Oórì Bàbá Wa

Irú ni mò ń fọ̀ létí odò láàárọ̀ ọjọ́ náà, lọ́dún tó tẹ̀ lé ìdìbò káńsù, nígbà tí mo gbọ́ ìró katapílà lódìkejì omi.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń gba afárá kọnkéré lọ jẹ ẹja yíyan ní ilé ìgbafẹ́ erékùṣù yẹn, ẹ lè má mọ̀ pé orí ilé wa ni ẹ ń jókòó sí. Odò tó gba ẹ̀yìn Ẹ̀jìgbò kọjá pín sí méjì níbẹ̀, ó sì tún pàdé ara rẹ̀ nísàlẹ̀. Àárín rẹ̀ ni àwọn bàbá ọkọ mi kọ́lé sí. Irú la ń ṣe, ẹ̀fọ́ la ń gbìn, orí pákó tí a tẹ́ sórí omi la ń gbà lọ sọ́jà. Ohun kan ṣoṣo ni a kì í ṣe níbẹ̀: a kì í sin òkú. Bí a bá gbẹ́lẹ̀ dé orúnkún, omi ti yọ. Ẹ̀yìnkùlé àwọn Alàájì, ìbátan wa tó ṣòwò ní Abíjàn kó tó padà wálé, la máa ń gbé òkú wa lọ.

Káńsù ti ní kí a kó jáde, pé a kò nílẹ̀ níbẹ̀. Èmi kì í ṣe ẹni tó ń sọ̀rọ̀ láwùjọ, ṣùgbọ́n èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ àwọn obìnrin. Mo bá wọn jókòó sórí pákó, ìyá ọkọ mi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ọ̀kan nínú wa bi awakọ̀ katapílà bóyá ìyá rẹ̀ mọ̀ pé ilé ìyá ẹlòmíràn ló wá wó. Ó rẹ́rìn-ín, ó sì sorí kodò, ó ń jẹ búrẹ́dì rẹ̀ lọ.

Ọ̀gá kan láti káńsù wá bá wa. Kò bú ẹnikẹ́ni. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú ìyá ọkọ mi.

"Ìyá, bí ilẹ̀ yìí bá jẹ́ tiyín, ẹ fi oórì bàbá ọkọ yín hàn mí."

Kò sí Yorùbá tí kò mọ bí ìbéèrè yẹn ṣe wúwo tó. Ìyá ní omi ni kò jẹ́ kí a sin ín síbẹ̀, pé ó wà lọ́dọ̀ Alàájì, kí wọ́n bi í. Gbogbo wa yíjú sí Alàájì tó dúró létí odò, ẹni tó máa ń dọ̀bálẹ̀ kí Ìyá ní gbogbo Iléyá.

"Lóòótọ́ ni oórì wà lẹ́yìnkùlé mi," ló wí. "Àlejò ni bàbá mi ṣe sàárà ilẹ̀ fún. N kò mọ ibi tí wọ́n ti wá."

Obìnrin kan wí lẹ́yìn mi pé, "Alàájì, irú tí ẹ jẹ lánàá ńkọ́? Ṣé àwọn àlejò náà ló ṣe é?"

A rẹ́rìn-ín. Òun kò wojú wa. Ẹ̀rín kì í dá katapílà dúró.

Lọ́jọ́ kejì, ọlọ́pàá gbé wa kúrò lórí pákó, wọ́n sì wó apá òkè erékùṣù tán. Kí ẹnikẹ́ni má tàn yín pé ìgboyà wa ló gba ilé díẹ̀ tó ṣẹ́ kù là, tiwa lára wọn. Òjò ló rọ̀, katapílà sì rì sínú ẹrẹ̀. Omi tó kọ òkú wa ló yọ wá.

Afárá tí a ti ń bẹ̀bẹ̀ fún láti ìgbà tí mo ti wọlé ọkọ, wọ́n ṣe é nígbà tí àwọn ajẹja ń bọ̀. Ẹnikẹ́ni ní káńsù kò tíì dìde sọ títí di òní pé ọmọ ibẹ̀ ni wá. Ẹni tó bá ta ará ilé rẹ̀ lọ́pọ̀ kò ní rí i rà lọ́wọ̀n-ọ́n mọ́. Bí mo bá pàdé Alàájì lọ́jà, mo ń kúnlẹ̀ torí pé ó jù mí lọ. Kò sí ohun mìíràn láàárín wa.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, Ìyá, tí kò lè dìde mọ́, nawọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn, ó ní ibẹ̀ ni kí a sin òun sí. Mo ní, "Ìyá, omi á yọ."

"Mo mọ̀," ló dá mi lóhùn. "Ẹ sin mí síbẹ̀ náà. Kí ẹni tó bá tún wá bèèrè oórì lè rí ọ̀kan."