Bàbá Abógúnrìn àti Aago Ìlúwẹ̀ẹ́ Mẹ́ta

Ní Ìrẹmọ, bí ẹnikẹ́ni bá dárúkọ olóògbé Abógúnrìn lónìí, ìtàn ọjọ́ tí wọ́n fa Bàbá jáde nínú omi ìlúwẹ̀ẹ́ òtẹ́ẹ̀lì ni gbogbo ẹnu máa ń kọ́kọ́ sáré bá. Hakeem télọ̀, ọ̀rẹ́ wọn tó ń gbé ní Ìlódè, kì í jẹ́ kí ẹlòmíràn sọ ọ́ tán. Òun ló wà níbẹ̀. Òun ló sì bẹ́ sínú omi pẹ̀lú fìlà lórí.

Ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ kan ni. Bàbá wà láàárín omi, Hakeem jókòó sí etí rẹ̀, ó ń jẹ gúgúrú. Àfi bí Bàbá ṣe dúró lójijì, tí wọ́n na ọwọ́ òsì sókè, tí wọ́n ń ké pé, "Hakeem! Hakeem! Ó ti pa mí o!" Tahir, ọkùnrin oníkùn ńlá tí òtẹ́ẹ̀lì gbà kó máa ṣọ́ àwọn tó ń lúwẹ̀ẹ́, kò dúró bọ́ bàtà. Ó bẹ́ sómi gbìì! Hakeem náà tẹ̀lé e, òun tó jẹ́ pé gbogbo lúwẹ̀ẹ́ tó mọ̀ kò ju kó máa ta ẹsẹ̀ bí ewúrẹ́ tó já sí kòtò lọ. Àwọn méjèèjì di Bàbá mú lápá, mú nítan, wọ́n wọ́ wọn dé orí símẹ́ńtì, Tahir sì bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ àyà wọn.

"Ẹ fi mí sílẹ̀!" Bàbá gbá ọwọ́ rẹ̀ dànù. "Ta ló sọ fún yín pé mo ń rì? Ìrìn mẹ́jọ ni mo rìn, aago yìí kọ mẹ́fà. Hakeem ni mo fẹ́ fi hàn!"

Láti ògiri kan dé ògiri kejì ni ìrìn kan. Ẹlòmíràn tí aago bá jí ìrìn méjì gbé mọ́ lọ́wọ́ á kàn rẹ́rìn-ín ni. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ wọnlẹ̀wọnlẹ̀ ni Bàbá Abógúnrìn ṣe fún ọdún mẹ́rìndínlógójì. Láti Ifẹ̀ dé Ìpetumodù, ààlà ilẹ̀ tí wọn kò fi ẹsẹ̀ ara wọn tọ̀ kò pọ̀. Ẹ̀ṣẹ̀ tó burú jù lójú wọn ni kí ènìyàn kọ iye tí kò wọ̀n sílẹ̀. Nígbà tí wọ́n fẹ́ lọ tọrọ ìyàwó, àwọn àna ní ilé àwọn kò jìnnà, wọ́n ní ọ̀kánkán ibẹ̀ yẹn ni. Ọjọ́ ìdána gan-an ni Bàbá dìde láàárín èrò, tí wọ́n ní kí wọ́n má bínú, mítà ẹgbẹ̀rin ni ọ̀kánkán náà.

Kì í ṣe afẹ́ ló gbé wọn dé inú omi. Lẹ́yìn tí ìyàwó yẹn kú ni ẹsẹ̀ wọn bẹ̀rẹ̀ sí í wú, tí èémí wọn ń kúrú. Dókítà ní ọkàn wọn ti rẹ̀. Ó ní oògùn kò lè sọ ọ́ di tuntun, ó kàn lè máa bá a rọra ni. Orúnkún kò jẹ́ kí wọ́n lè rìn jìnnà lórí ilẹ̀ mọ́, nítorí náà kí wọ́n máa lúwẹ̀ẹ́ jẹ́jẹ́, kí ọkàn má sáré jù.

Fisáyọ̀mi, ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí, ń ṣiṣẹ́ ní Abùjá. Ó ní kí bàbá òun máa bọ̀ lọ́dọ̀ òun. Bàbá ní àwọn ò lọ ibì kankan. Wọ́n jà á lórí fóònù títí ọmọ fi sunkún, lẹ́yìn náà ni wọ́n wá ṣe àdéhùn: kí Bàbá wá aago tó ń ka ìlúwẹ̀ẹ́ tó sì ń ka bí ọkàn ṣe ń lù, kí áàpù rẹ̀ máa fi gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́ sí fóònù Fisáyọ̀mi. Bó bá rí i pé ara ń le, kí Bàbá dúró sí Ìrẹmọ. Bí kò bá le, ó ń bọ̀ wá kó wọn. Bí aago ṣe di adájọ́ láàárín bàbá àti ọmọ nìyẹn, adájọ́ tí kò sì mọ ìṣirò.

Ṣọ́ọ̀bù Ìgbẹ́kẹ̀lé ní Lágere ni Bàbá àti Hakeem ti ra àkọ́kọ́.

"Ṣé omi ò lè wọ̀ ọ́?" Bàbá bi Ìgbẹ́kẹ̀lé tó ń tà á.

"Bàbá, aago yìí ò tiẹ̀ mọ ohun tó ń jẹ́ omi."

Òótọ́ ló sọ. Ìṣẹ́jú mẹ́rin péré ni aago àti omi fi mọ ara wọn, aago kú.

Nígbà tí wọ́n gbé e padà, Ìgbẹ́kẹ̀lé dojú aago náà dé, ó fi lẹ́tà tín-ín-tìn-ìn-tín kan hàn wọ́n lẹ́yìn rẹ̀. "Ẹ wò ó, Bàbá. Omi òjò ló kọ síbí, àti omi ìfọwọ́. Kò sọ pé kí ẹ gbé e wọ odò."

"Ọwọ́ mi ló wà," ni Bàbá fèsì. "Ṣé kí n bọ́ ọwọ́ sílẹ̀ létí omi kí n tó wọlé ni?"

Ìkejì kò kú, ẹnu ni tirẹ̀. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́, bí Bàbá ṣe jáde nínú omi, áàpù sọ̀rọ̀ láti inú fóònù, ó ní, "Abógúnrìn, o gbìyànjú!" Bàbá wo ẹ̀yìn, wọ́n wo iwájú. "Ọmọ ta nìyẹn?" Hakeem ní kí wọ́n má bínú, kò mọ̀ wọ́n ni. Ó fi odindi ìrọ̀lẹ́ kan wá ibi tí wọ́n ti ń yí orúkọ padà, ó sì kọ "Bàbá Abógúnrìn" síbẹ̀ kó lè bọ̀wọ̀ fún wọn. Lọ́jọ́ kejì, áàpù ní, "Bàbá Abógúnrìn, ọ̀lẹ ti ń mú ọ o, gbéra ńlẹ̀!"

Aago yìí ló kọ mẹ́fà dípò mẹ́jọ. Hakeem kà nínú ìwé tó bá aago náà wá pé bí ènìyàn bá ta ògiri nípàá ni aago fi ń mọ̀ pé ó ti yí padà. Bàbá kì í ta ògiri. Wọ́n á rọra fọwọ́ kàn án, wọ́n á kí ẹni tó bá jókòó nítòsí, wọ́n á béèrè ará ilé rẹ̀, kí wọ́n tó padà. Èyí tó tún wá burú ni pé mítà mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ni aago gbà pé omi náà gùn. Bàbá kò gbà. Wọ́n gbé téèpù iṣẹ́ wọn àtijọ́ wá, wọ́n ní kí Tahir di orí kan mú, wọ́n sì wọ̀n ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta. Mítà méjìlélógún àti sẹ̀ǹtímítà ogójì! Wọ́n kọrí sí ọ́fíìsì Adéwálé, mánijà òtẹ́ẹ̀lì.

"Omi yín ò pé," ni wọ́n sọ fún un.

"Bàbá, a ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ ọ́ kún láàárọ̀ yìí ni."

"Gígùn ni mò ń sọ! Níbo ni mítà méjì àti sẹ̀ǹtímítà ọgọ́ta tó kù wà?"

Bí wọ́n ṣe ń jà á lọ́wọ́ ni fóònù dún. Fisáyọ̀mi ni. "Dádì, ọkàn yín ń lù ní ìgbà ogóje ní ìṣẹ́jú kan! Ẹ jáde nínú omi kíá!"

"Ọ́fíìsì mánijà ni mo wà," ni Bàbá wí. "Omi gan-an kò tíì bí mi nínú tó báyìí."

Fisáyọ̀mi fúnra rẹ̀ ló fi aago kẹta ránṣẹ́ láti Abùjá. Ẹni bá rí aago yìí rí aago. Ó jẹ́ kí Bàbá kọ mítà méjìlélógún síbẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n ráhùn fún ọjọ́ mẹ́ta lórí sẹ̀ǹtímítà ogójì tí kò gbà. Ó mọ ìgbà tí wọ́n yí padà, ó mọ irú lúwẹ̀ẹ́ tí wọ́n ń wẹ̀, kì í sì í sọ̀rọ̀. Hakeem ń fi ìka ọwọ́ rẹ̀ kà láti etí omi, iye tí ìka bá sọ ni aago ń kọ.

Ibẹ̀ gan-an ni ìbànújẹ́ ti bẹ̀rẹ̀. Ìrìn mẹ́jọ di mẹ́fà. Oṣù kò tíì parí, mẹ́fà ti di mẹ́rin. Mẹ́rin di méjì, lẹ́yìn ìkejì náà Bàbá á di irin àkàsọ̀ mú, wọ́n á máa mí bí ẹni tó sáré dé láti Ìpetumodù. Hakeem á ka ìka rẹ̀, á wo ojú aago, á tún ìka kà. Fún ìgbà àkọ́kọ́, ó bẹ Ọlọ́run pé kí aago ṣìṣe. Fisáyọ̀mi náà ń rí iye yẹn ní Abùjá, ó sì pè pé bí kò bá gòkè, òun ń bọ̀ wá kó wọn.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, kí wọ́n tó wọ omi rárá, Bàbá bọ́ aago náà, wọ́n nà án sí Hakeem.

"Wọ̀ ọ́."

"Ẹ̀gbọ́n, n ò mọ lúwẹ̀ẹ́, ẹ mọ̀."

"Kì í ṣe ìdíje. Ìrìn mẹ́jọ péré."

"Irọ́ ni, Ẹ̀gbọ́n. Irọ́ fún ọmọ lórí ọkàn bàbá rẹ̀."

Bàbá ń wo omi. Wọ́n ní, "Ẹ̀yìn ilé mi ni mo sin ìyá rẹ̀ sí, Hakeem. Bí mo bá lọ Abùjá, ta ni yóò máa tu koríko orí ibojì rẹ̀?"

Ọ̀rọ̀ náà gún Hakeem láyà. Ọkùnrin tó ba ọjọ́ ìdána ara rẹ̀ jẹ́ nítorí mítà ẹgbẹ̀rin ló ń bẹ̀ ẹ́ báyìí pé kó kọ irọ́ sílẹ̀. Ó so aago náà mọ́ ọwọ́, ó sì wọ omi lọ.

Ọjọ́ mẹ́sàn-án ló fi wẹ̀ ẹ́. Omi tó mu nínú ọjọ́ mẹ́sàn-án yẹn, kò mu irú rẹ̀ nígbà ìṣínu àwẹ̀ ogún ọdún. Tahir kò jókòó mọ́ bó bá ti rí i, á ti bọ́ bàtà sílẹ̀, á máa bá a rìn létí omi láti ògiri dé ògiri. Bàbá á jókòó sórí àga, wọ́n á máa pàṣẹ: "Gbé orí sókè! Orí, Hakeem! Ọkàn mi lo fẹ́ bà jẹ́ yẹn!" Bó bá jáde tán ni Bàbá á tó wọ omi fúnra wọn, láìsí aago lọ́wọ́.

Lọ́jọ́ kẹwàá, fóònù Hakeem dún ní ṣọ́ọ̀bù, bó ṣe ń gé aṣọ lọ́wọ́.

"Bàbá Télọ̀, ẹ kú iṣẹ́ o," ni Fisáyọ̀mi wí.

"Iṣẹ́ wo, ọmọ mi?"

"Dádì mi ò mọ̀ ju lúwẹ̀ẹ́ bíi ti ọ̀pọ̀lọ́ lọ. Aago yẹn mọ̀ ọ́n, orúkọ rẹ̀ ló máa ń kọ lójoojúmọ́. Ọjọ́ mẹ́sàn-án rèé tó ti ń sọ pé òun ò mọ orúkọ ohun tí wọ́n ń ṣe nínú omi."

Sísọ́ọ̀sì bọ́ lọ́wọ́ Hakeem. Ó fẹ́ ṣàlàyé, ẹkún kò jẹ́. Fisáyọ̀mi dúró dè é títí ó fi lè sọ̀rọ̀, ó wá bi í léèrè jẹ́jẹ́ pé, "Ìrìn mélòó ni wọ́n lè rìn lóòótọ́?"

"Ọ̀kan," ni Hakeem wí. "Lánàá, Tahir ló gbé wọn jáde."

Fisáyọ̀mi dé ní Ọjọ́ Àbámẹ́ta. Hakeem ti wà lọ́dọ̀ Bàbá látàárọ̀, ó ń retí pé ọmọ náà á bẹ̀rẹ̀ sí í di ẹrù, kò sì mọ ojú tí òun yóò fi wò ó. Bàbá ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Mo purọ́ fún ọ," ni wọ́n wí, wọn kò gbé orí sókè. Fisáyọ̀mi kúnlẹ̀ níwájú wọn, ó di ọwọ́ wọn méjèèjì mú. Ó ní òun ti gba ìsinmi níbi iṣẹ́, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ó ní òun ò wá kó ẹnikẹ́ni. Lẹ́yìn náà ló gba aago lọ́wọ́ Hakeem, ó sọ ọ́ sínú báàgì, ó sì ní kí àwọn máa lọ síbi omi.

Bàbá kò wẹ̀ mọ́. Ọmọ wọn á fi apá méjèèjì gbé ẹ̀yìn wọn sókè, wọ́n á nà gbalaja lórí omi, wọ́n á máa wo sánmà, wọ́n á ní àwọ̀ rẹ̀ kò rí bíi tàná. Ẹnikẹ́ni kò ka nǹkan kan. Hakeem á jókòó sí etí omi, inú rẹ̀ á bàjẹ́, inú rẹ̀ á sì tún dùn, kò mọ èyí tí yóò gbà nínú méjèèjì.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni Bàbá lọ, ní ọ̀sẹ̀ karùn-ún, lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, lórí àga wọn ní Ìrẹmọ. Hakeem wà níbẹ̀. Ó ní láti ibẹ̀ dé Ìlódè kò lè ju kìlómítà kan lọ. Bàbá ní, "Irọ́ ni. Dúró ná." Wọ́n di ojú kí wọ́n lè ṣírò rẹ̀ dáadáa. Hakeem dúró, ó sì dúró pẹ́ kó tó yé e pé òun ò ní gbọ́ iye náà mọ́ láéláé.

Lẹ́yìn ìsìnkú, ṣọ́ọ̀bù Hakeem wà ní títì fún ọ̀sẹ̀ méjì. Kò lè gé aṣọ. Nígbà tó tún ṣí i, bó bá na téèpù sára ènìyàn, omijé á bọ́ sójú rẹ̀, oníbàárà á rò pé ìdí òun ló fẹ̀ jù.

Kí Fisáyọ̀mi tó padà sí Abùjá, ó ya Ìlódè láti kí i. Wọ́n jókòó síwájú ilé ní ọ̀sán, ó sì mú fóònù jáde. Ó ní òun fẹ́ pa áàpù aago yẹn rẹ́, ṣùgbọ́n òun ò lè dá a ṣe. Hakeem wọ dígí. Áàpù kò gbà kí wọ́n lọ bẹ́ẹ̀, ó kọ́kọ́ béèrè pé kí ló dé tí wọ́n fi ń lọ, ó sì to ìdáhùn sílẹ̀. Ṣé ó wọ́n jù ni? Ṣé wọ́n ti rí áàpù mìíràn tó dára jù? Ṣé ó ṣòro láti lò? Wọ́n ka gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Kò sí èyí tó bá wọn mu níbẹ̀, àfi àyè kékeré kan nísàlẹ̀ tí ènìyàn lè kọ tirẹ̀ sí.

"Kí ni kí n kọ, Bàbá Télọ̀?"

Hakeem ronú. "Kọ ọ́ pé wọ́n ti lọ sinmi. Pé wọ́n gbìyànjú."

Ó kọ ọ́, ó tẹ̀ ẹ́. Áàpù fèsì. Fisáyọ̀mi kà á sókè: "Ó dùn wá pé ẹ ń lọ. A gbà gbọ́ pé a óò tún pàdé."

Hakeem bọ́ fìlà rẹ̀.

"Àmín o," ló wí, tọkàntọkàn.

Fisáyọ̀mi wò ó. Ẹ̀rín bú jáde lẹ́nu rẹ̀, Hakeem náà bú sí i, wọ́n sì rín in títí tí àwọn tó ń kọjá lọ fi dúró láti kí wọn.