Ẹja Inú Táǹkì Rẹ̀míláyọ̀

Mo fẹ́ sọ̀rọ̀ Rẹ̀míláyọ̀ fún yín, ẹ má sì sọ pé mò ń bà á lórúkọ jẹ́. Èmi Sìmbíátù kì í purọ́ mọ́ èèyàn. Mo jowú rẹ̀, ó parí. Owú ọ̀hún le débi pé tí mo bá gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀ lódìkejì fẹ́ǹsì, oúnjẹ tó wà lẹ́nu mi á korò.

Mo ti ń sin ẹja àrọ̀ ní Lángbàsà, nítòsí Ajah níbí, kí òun tó dé. Ọmọ ló ń bá àwọn olówó kan tọ́jú ní Lẹ́kkí Phase 1. Èmi ni mo mú un lọ síbi tí wọ́n ti ń ta ọmọ ẹja. Bíríkìlà kan náà, Akínọ̀ṣọ́, ló mọ táǹkì tèmi àti tirẹ̀, wọn ò fi ìka kan tóbi ju ara wọn lọ. Mo da ẹgbẹ̀rún kan ọmọ ẹja sínú tèmi bí mo ṣe máa ń ṣe. Ẹ mọ iye tí Rẹ̀mí rà? Ọ̀ọ́dúnrún péré!

"Rẹ̀mí, ṣé ẹja lo fẹ́ sìn ni àbí o fẹ́ máa fi omi ṣeré?"

"Àǹtí Sìmbí, ẹ jẹ́ kí n fi kékeré bẹ̀rẹ̀," ló wí, pẹ̀lú ohùn jẹ́jẹ́ rẹ̀ yẹn tí kì í jẹ́ kéèyàn rí ìjà bá a jà.

Nígbà tó máa fi di oṣù kẹta, ẹja rẹ̀ ti nípọn bí ọrùn ọwọ́ mi, gbogbo wọn sì dọ́gba. Tèmi ńkọ́? Àwọn kan nínú wọn nìkan ló tóbi, àwọn yẹn sì ń gbé àwọn kéékèèké mì. Àwọn tó kù tẹ́ẹ́rẹ́. Ojoojúmọ́ ni mò ń fi àwọ̀n kó òkú ẹja, tí mò ń bò wọ́n mọ́lẹ̀ lẹ́yìn ilé kí ẹnikẹ́ni má bàa rí i. Tí mo bá pààrọ̀ omi lónìí, ó ti ń rùn lọ́la. Mo ní Rẹ̀mí ń lo oògùn. Kí ló tún kù?

Ishaq ló wá dá kún un. Ó ní ṣọ́ọ̀bù tó ti ń ta ẹja tútù ní Ikate, ọwọ́ èmi nìkan ló sì ti ń ra ẹja láti ọdún mẹ́ta. Ibẹ̀ ni èmi àti Moyinolúwa ọmọ mi ti ń jẹun. Lọ́jọ́ kan tó wá, ó na ọrùn wo òdìkejì fẹ́ǹsì.

"Háà! Ẹja ta nìyẹn?"

Ó ní tó bá di oṣù méjì sí i, òun á wá wo táǹkì méjèèjì, ẹni tí ẹja rẹ̀ bá dáa jù lòun á máa bá ṣe. Mo ní kò burú.

Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni ìyá Rẹ̀mí ṣubú ní Ìjẹ̀bú-Igbó, tí egungun itan rẹ̀ dá. Rẹ̀mí kó kọ́kọ́rọ́ ọgbà rẹ̀ fún mi. "Àǹtí Sìmbí, ẹ̀yin ni mo fọkàn tán. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi máa fún wọn lóúnjẹ."

Kò tíì rìn jìnnà tí mo fi tú àpò oúnjẹ ẹja rẹ̀ wò. Mo gbóòórùn rẹ̀, mo tiẹ̀ tọ́ ọ wò. Irú tèmi náà ni. Mo wá ní á jẹ́ pé inú táǹkì gan-an ni oògùn wà. Ọ̀sán ọjọ́ Jímọ̀ tí àdúgbò dá, mo ṣa irinwó nínú ẹja mi, àwọn tó fẹ́ bá tirẹ̀ dọ́gba, mo sì dà wọ́n sínú táǹkì rẹ̀. Èrò mi ni pé káwọn náà jẹ nínú oríire yẹn, kí n kó wọn padà kó tó dé.

Ẹ gbà mí o! Oṣù kan kò tíì pé tí àwọn tó kù sínú tèmi fi bẹ̀rẹ̀ sí í tóbi. Omi mi kò tètè rùn mọ́. Mi ò kó òkú ẹja mọ́. Ní ti Rẹ̀mí, ńṣe làwọn ẹja gbé ẹnu sókè omi, tí wọ́n ń mí gúlegúle, tí wọ́n ń kú lójoojúmọ́. Ó yẹ kí n kó tèmi kúrò. Mi ò kó wọn. Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́: inú mi dùn. Mo ní oògùn rẹ̀ ti tán nìyẹn.

Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ tí oṣù méjì pé ni Rẹ̀mí dé. Ọjọ́ Sátidé ni Ishaq dé. Ó ti àwọ̀n bọ inú táǹkì mi, ó rẹ́rìn-ín. Ó wo ti Rẹ̀mí, ó di imú. Kíá ló ti ń kó ẹja mi sínú kẹ́ẹ̀gì rẹ̀ tí wọ́n gé lórí. Mo ti borí.

Rẹ̀mí kò bínú. Ó ṣí páìpù ìdí táǹkì rẹ̀ kí omi lè ṣàn jáde, ó fẹ́ kó àwọn tó wà láàyè sínú omi tuntun. Ó ní kí n bá òun gbé abọ́ dání. Báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ pé rárá? Ó ń kà wọ́n sókè bó ṣe ń kó wọn. Ó ka ọgọ́rùn-ún. Ó ka igba. Mo ní kó jẹ́ ká sinmi ná, ó ń kà á lọ. Ó ka ọ̀ọ́dúnrún, ẹja ṣì ń yí gbiri nínú ẹrẹ̀. Ó ka irinwó, ó wá dáwọ́ dúró.

Ó wo inú táǹkì tirẹ̀, ó wo tèmi lódìkejì. Ìgbà yẹn ni ó yé e. Ìgbà yẹn náà ló yé èmi alára, pé kò sí oògùn kankan, àyè lásán ni ẹja ń fẹ́.

"Àǹtí Sìmbí," ló wí, kò pariwo, "ẹ wá ṣa tiyín kúrò nínú tèmi."

Orí Ishaq yọ lókè fẹ́ǹsì, ó ti gbọ́. Mo bọ́ sínú ẹrẹ̀. Mo gbé ọ̀kan, mo wò ó níkùn, mo wò ó lẹ́yìn, mi ò mọ̀ bóyá tèmi ni. Mo gbé òmíràn. Rẹ̀mí dúró tì mí, ó ń wò mí. Lẹ́yìn fẹ́ǹsì, mo ń gbọ́ bí Ishaq ṣe ń da ẹja mi padà sínú táǹkì, kẹ́ẹ̀gì kan tẹ̀ lé èkejì.